Mo rò pé sáńpùlù mi ló bàjẹ́: ìrírí tèmi pẹ̀lú skyrmion

Ẹ ǹlẹ́ o ẹ̀yin ará, mo ti ka ìrírí tẹ́ ẹ kọ nípa iṣẹ́ ìwádìí yín, ẹ jẹ́ n sọ tèmi náà. Kẹ́míísírì ni mo kà nílé, ìgbà tí mo dé Jámánì fún másítàs ni wọ́n gbé mi sídìí skyrmion, n ò gbọ́ orúkọ yẹn rí.

Fún ẹni tí ò mọ̀ ọ́n, ẹ wo irun ṣùkú, bó ṣe ń ti ẹ̀gbẹ́ orí gbogbo gòkè wá pàdé láàárín. Bí skyrmion ṣe rí nínú òòfà nìyẹn. Àwọn spin (òòfà kéékèèké inú átọ́ọ̀mù) tó wà níta kọjú sókè, ti àárín gbùngbùn dojú kọlẹ̀, àwọn yòókù ń yí díẹ̀díẹ̀ láti ìta dé àárín. Ẹ ò lè ṣàdédé tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, àfi kẹ́ ẹ tú u. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe fẹ́ fi tọ́jú dátà, tó bá wà níbẹ̀ ó jẹ́ 1, tí ò bá sí ó jẹ́ 0, káráǹtì á máa tì í lọ lórí wáyà, kò ní sí dísíìkì kankan tó ń yí. Ní 2009 tí wọ́n kọ́kọ́ rí i ní Munich nínú MnSi (àdàpọ̀ manganese àti silicon), inú otútù bíi 29 kelvin ni, ìyẹn bíi -244°C, àmọ́ ní 2015 àwọn ilé ìwádìí Argonne ní Amẹ́ríkà ṣe tiwọn nínú yàrá lásán tí ò tutù, pẹ̀lú irin tantalum àti CoFeB (àdàpọ̀ cobalt, irin àti boron). Irú tiwọn ni mò ń ṣe.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí wọn lábẹ́ máíkírósíkóòpù Kerr, èyí tó ń fi ìmọ́lẹ̀ wo ibi tí òòfà kọjú sí, mo pariwo. Síkírìnì rí bí eérú, wọ́n wá tò síbẹ̀ dúdú rọ́bọ́tọ́ bí ojú ẹ̀wà! Mo rán pálùsì iná sí i, mo retí kí wọ́n lọ tààrà bí wọ́n ṣe yà á nínú pépà, wọ́n lọ lóòótọ́, àmọ́ gbogbo wọn ń yà sósì, wọ́n ń lọ forí sọ etí wáyà, àwọn míì sì pòórá níbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Mo ní CoFeB mi ò tẹ́jú, ṣé ẹ mọ̀ pé kò ju nánómítà 1 lọ, mo ní vákúùmù ló ń jò, mo gé wáyà tuntun, mo tún gbogbo ẹ̀ tò látìbẹ̀rẹ̀, òsì náà ni. Oorun ò kùn mí mọ́.

Ọ̀gá wa ló wá béèrè pé ṣé mo ti yí ojú òòfà tí mo gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ sáńpùlù padà wò. Mo yí i, gbogbo wọn yà sọ́tùn-ún. Ká ní fílíìmù, ìyẹn CoFeB tín-ín-rín yẹn, ló ní àléébù ni, ibì kan náà ni ì bá máa darí wọn sí. Àṣé ìwà wọn ni, yíyí tí spin wọn yí po yẹn ló ń fà wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ bíi bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá ní kọ́ọ̀fù, skyrmion Hall effect ni wọ́n ń pè é, 2017 ni wọ́n ti fojú rí i.

Ní báyìí fílíìmù méjì ni mò ń tò léra, irin ruthenium tín-ín-rín wà láàárín, kí tòkè àti tìsàlẹ̀ lè kọjú òdìkejì síra wọn, tí ọ̀kan bá fà sósì kí ìkejì fà sọ́tùn-ún. Ṣùgbọ́n agbára òòfà tòkè àti tìsàlẹ̀ ti ń pa ara wọn rẹ́ débi pé Kerr ò fi bẹ́ẹ̀ rí wọn mọ́. Ẹni tó ti ṣe é nínú yín, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fi wò ó?