Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni aboyún tí ò lówó ṣe ń rí CS (iṣẹ́ abẹ ìgbẹ̀bí) ọ̀fẹ́ n'Íbàdàn?

Ẹ n lẹ́ o. Àbúrò mi obìnrin ló lóyún oṣù méje. CS ni wọ́n fi gbé àkọ́bí ẹ̀, nọ́ọ̀sì níbi tó ti gba káàdì wá ní àwọn ò lè gbẹ̀bí ẹ̀, kó lọ sí ọsibítù ńlá. A débẹ̀, owó tí wọ́n ní ká kọ́kọ́ san kọjá agbára wa, lébìrà lọkọ ẹ̀, òun náà ń ta ata, àárẹ̀ ò sì jẹ́ kó lè jókòó sójà mọ́.

Ìjọba àpapọ̀ kéde ní 2024 pé CS máa di ọ̀fẹ́ fáwọn aláìní. Mo bèèrè lọ́sibítù, wọ́n láwọn ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. A mú NIN ẹ̀ lọ síbi tó ti gba káàdì, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé, "ẹ padà wá lọ́la" ṣáá la ń gbọ́. Àwọn kan ti ń sọ fún un pé kó kúkú lọ bí i nílé àgbẹ̀bí, ẹ̀rù ń bà mí gan-an, torí ojú abẹ àtijọ́ yẹn lè ya tó bá ń rọbí.

Ẹni tó bá ti ṣe é rí: ṣé ọ́fíìsì OYSHIA, àjọ ìbánigbófò ìlera ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, gan-an ni ká lọ fi orúkọ ẹ̀ sílẹ̀ ni, ìwé wo la máa mú dání, ọsibítù wo n'Íbàdàn ló sì ń gbà wọ́n láìbèèrè owó ṣáájú?