Ìtọ́jú yàtọ̀ sí àtúnṣe: ọ̀rọ̀ tí iṣẹ́ jíípù àti píkọ́ọ̀pù ń fẹ́

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú ìjíròrò.

Àbá mẹ́ta tí ẹ̀gbọ́n wa mú wá, lórí ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a ó máa lò fún iṣẹ́ mẹkáníìkì, ni mo fẹ́ fèsì sí. Wọ́n ní kí “àtúnṣe” rọ́pò “sáfíìsì”. Wọ́n ní kí jíípù tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń fa táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa jẹ́ “ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀mẹ́rin”. Wọ́n tún ní kí mẹkáníìkì tí kò sí lábẹ́ kọ́ńpìnnì tó ṣe ọkọ̀ máa jẹ́ “mẹkáníìkì olómìnira”. Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun, iṣẹ́ ńlá lẹ ṣe. Ṣùgbọ́n n kò lè fọwọ́ sí ọ̀kankan nínú wọn, àkọ́kọ́ gan-an ló sì dùn mí jù, torí owó àti ẹ̀mí èèyàn wà nínú rẹ̀.

Ohun tó bàjẹ́ là ń tún ṣe. Ẹni tó gbé Hilux rẹ̀ wá nígbà tó pé kìlómítà 5,000 tó ti pààrọ̀ ọ́ìlì, kí ló bàjẹ́ lára ọkọ̀ yẹn? Bí a bá pe iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe ní àtúnṣe, yóò bi wá pé kí la fẹ́ tún ṣe, yóò sì gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ ohun tó ń ba jíípù jẹ́ jù kì í pariwo kó tó dé. Ẹ wo omi bréèkì, irú tí wọ́n ń pè ní DOT 3 tí ọ̀pọ̀ Toyota ń lò. Ó máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, ìdí nìyẹn tó fi yẹ ká máa pààrọ̀ rẹ̀ ní ọdún méjì méjì. Bí a kò bá pààrọ̀ rẹ̀, tí ọkọ̀ tó kún fẹ́rù wá ń sọ̀ kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Màpó, bréèkì á gbóná, omi tó wà nínú rẹ̀ á hó, á di ooru. Ooru ṣeé tẹ̀ mọ́ra, omi kò ṣeé tẹ̀ mọ́ra. Pẹ́dàlì á kàn wọlẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀. Páàdì dára, díísìkì dára, kò sí ohun tó já. Kí la fẹ́ pè ní àtúnṣe níbẹ̀? “Ìtọ́jú” ni orúkọ iṣẹ́ tó yẹ kó ti dènà rẹ̀: iṣẹ́ tí a ṣe sára ọkọ̀ tó ṣì dára, nítorí pé ọjọ́ tàbí ìrìn rẹ̀ ti pé.

Sáfíìsì ńkọ́? Ẹ jẹ́ kó wà. Lẹ́nu àwọn èèyàn wa, sáfíìsì ni kí a pààrọ̀ ọ́ìlì àti fílítà rẹ̀, kí a yẹ pọ́lọ́ọ̀gì wò, kí a gbọn fílítà afẹ́fẹ́ tàbí kí a pààrọ̀ rẹ̀. Apá kan ìtọ́jú nìyẹn, kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Apá kan yẹn náà, wọn kì í sábà ṣe é pé. Gálọ́ọ̀nù ọ́ìlì tí wọ́n ń tà jẹ́ lítà 4, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù 2.7 tó wà nínú Hilux ń gbà ju lítà 5 lọ bí a bá pààrọ̀ fílítà pọ̀ mọ́ ọn. Ẹni tó da gálọ́ọ̀nù kan síbẹ̀ tó sì dé e ti fi ebi pa ẹ́ńjìnnì. Kí a da iye tó yẹ sí i, kí a tan ẹ́ńjìnnì fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ọ́ìlì lè kún inú fílítà, kí a pa á, kí a dúró ìṣẹ́jú márùn-ún lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ká tó fa ọ̀pá ìwọ̀n yọ.

Ohun tí sáfíìsì kò kàn rárá ló pọ̀ jù nínú píkọ́ọ̀pù. Ọ́ìlì wà nínú gíá, ó wà nínú àpótí gíá kejì tó ń pín agbára fún ẹsẹ̀ iwájú, ó wà nínú dífù iwájú, ó tún wà nínú dífù ẹ̀yìn, ìyẹn àpótí irin tó ń pín agbára fún táyà ọ̀tún àti ti òsì. Níbi dífù, bọ́ọ̀tì òkè tí a ń gbà da ọ́ìlì sí ni kí a kọ́kọ́ tú, ká tó fọwọ́ kan ti ìsàlẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé bí a bá ti da ọ́ìlì àtijọ́ nù tán, tí ti òkè wá dípẹtà tí kò tú, ọkọ̀ ti di ìjókòó nìyẹn. Ọ́ìlì dífù tí wọ́n kọ GL-5 sí lára ni kí a dà sí i títí yóò fi dé ẹnu ihò. Kí a ki ìka bọ ihò náà, kí ìka kan ọ́ìlì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kíróòsì tó wà lára ṣáàfù gígùn ní orí ọmú kékeré tí a ń gbà fún un ní gírísì. Kí a fún un títí gírísì àtijọ́, dúdú, yóò fi yọ jáde létí rẹ̀. Bí Hilux bá jẹ́ ti díṣẹ́ẹ̀lì, kí a máa tú omi tó ti fìdí kalẹ̀ ní ìsàlẹ̀ fílítà rẹ̀.

Bẹ́líìtì táímì, rọ́bà tó ń mú kí fáàfù àti pístìn inú ẹ́ńjìnnì bára wọn rìn, ló tilẹ̀ jẹ́rìí jù sí ohun tí mò ń sọ. Highlander ẹ́ńjìnnì 3.3 ní in, 4Runner 4.0 àti Hilux 2.7 kò ní in, ṣéènì ni tiwọn. Máìlì 90,000 ni kọ́ńpìnnì fi sí bẹ́líìtì yẹn, ìyẹn tó kìlómítà 145,000. Ọ̀pọ̀ Highlander tọ́kùnbọ̀ sì ti Amẹ́ríkà wá, máìlì ni dáṣíbọ́ọ̀dù wọn ń kà. Ẹni tó rí 90,000 níwájú rẹ̀ tó rò pé kìlómítà ni, yóò ní ó ṣì kù rẹpẹtẹ, nígbà tó jẹ́ pé ọjọ́ ti pé. Bẹ́líìtì kì í kìlọ̀. Tó bá já, ẹ́ńjìnnì á kú lójú títì. Nínú àwọn ẹ́ńjìnnì kan, fáàfù á gbá pístìn, owó ẹ́ńjìnnì tuntun á sì délẹ̀. Kí a pààrọ̀ pọ́ǹpù omi pọ̀ mọ́ ọn, torí bẹ́líìtì kan náà ló ń yí i, iṣẹ́ títú kan náà sì ni.

Ọ̀rọ̀ kẹta tí a kò gbọdọ̀ jẹ́ kí àtúnṣe gbé mì ni “àyẹ̀wò”. Iná ẹ́ńjìnnì tàn, wọ́n fi skáànì, ẹ̀rọ tó ń ka ìṣòro tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ rí, wò ó, nọ́ńbà P0171 jáde, ẹnì kan sì ti sáré lọ ra sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn ní ọjà Ararọ̀mí ní Géètì. Nọ́ńbà yẹn kò dárúkọ pátì kankan. Ohun tó ń sọ ni pé afẹ́fẹ́ tó ń bá bẹntiróòlù pò pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ ní apá kìíní ẹ́ńjìnnì. Ó lè jẹ́ ọ̀pá rọ́bà tó ya lẹ́yìn sẹ́ńsọ̀ afẹ́fẹ́. Ó lè jẹ́ pé eruku bo wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ inú sẹ́ńsọ̀ afẹ́fẹ́ náà. Ó lè jẹ́ pọ́ǹpù bẹntiróòlù tó ti rẹ̀. Kí a wo rọ́bà, kí a fọ sẹ́ńsọ̀ pẹ̀lú oògùn tirẹ̀ láìfọwọ́ kan wáyà inú rẹ̀, kí a wọn agbára pọ́ǹpù, kí ọwọ́ tó wọ àpò. Àbá mi ni pé kí a máa pe nọ́ńbà skáànì ní “ẹ̀sùn”. A kì í ti ẹnu ẹ̀sùn dájọ́, a máa ń wádìí rẹ̀ ni.

Ní ti “ẹlẹ́sẹ̀mẹ́rin”, gbogbo jíípù ló lẹ́sẹ̀ mẹ́rin. Ohun tí jíípù yìí fi yàtọ̀ ni pé ó ń fi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fà. “Afẹsẹ̀mẹ́rinfà” ni mo mú wá. Kí a sì fi “aláṣàyàn” kún un fún irú ti Hilux, tí awakọ̀ fúnra rẹ̀ ń yàn án, torí ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ wà lórí 4H, ipò tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ń fà, lójú ọ̀dà gbígbẹ. Bí ọkọ̀ bá ń yí kọ́nà, ẹsẹ̀ iwájú ń rìn jìnnà ju ti ẹ̀yìn lọ. Lójú ẹrẹ̀, táyà á yọ̀ díẹ̀, ọ̀rọ̀ á parí. Lójú ọ̀dà kò síbi tí yóò yọ̀ sí, irin inú àpótí gíá á máa lọ́ mọ́ra, ọwọ́ ọkọ̀ á le, ṣéènì àti gíá inú rẹ̀ á jìyà rẹ̀.

“Jíípù” pàápàá kò tó. RAV4, CR-V, 4Runner, jíípù ni gbogbo wọn ní Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n 4Runner jókòó lórí ṣáàsì, eegun irin gígùn tó gbé gbogbo ara ọkọ̀, RAV4 kò ní ṣáàsì lọ́tọ̀. Mo ní kí a pe àkọ́kọ́ ní “eléegun”. Jákì lè gbé eléegun láti abẹ́ ṣáàsì; ti èkejì, ibi tí kọ́ńpìnnì ṣe fún jákì ni, irú bí etí tí wọ́n fún lágbára lábẹ́ ilẹ̀kùn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ ọkọ̀ á tẹ̀. Eléegun tọ́kùnbọ̀ tó wá láti ibi tí wọ́n ti ń da iyọ̀ sójú títì nígbà yìnyín sì nílò kí a fi òòlù kékeré kan ṣáàsì rẹ̀ yíká. Irin tó le á dún gan-an. Èyí tí ìpẹtà ti jẹ nínú á dún bò.

—

Ẹ̀gbọ́n tó sọ̀rọ̀ tán yìí, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Iṣẹ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀ lèmi ń ṣe, níbẹ̀ ni mo fẹ́ fi tèmi kún un. Ẹ má jẹ́ ká máa wá ọ̀rọ̀ kiri níbi tí ọ̀rọ̀ ti kún ilẹ̀. “Ó ń pariwo” lonímọ́tò máa ń wí, gbólóhùn yẹn kò sì ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Èdè wa ti pín ariwo fún wa.

Ó ń *kùn*: ohùn kan tó ń lọ láìdáwọ́dúró, tó ń ga bí eré ṣe ń pọ̀, tí kò sì dákẹ́ bí a bá yọ gíá sí níyútírà. Bíárìn ni ká fura sí. Kí awakọ̀ rọra tẹ ọwọ́ sí òsì lórí eré. Bó bá kùn sí i, bíárìn ọ̀tún ni, torí ìwọ̀n ọkọ̀ ti sún sọ́tùn-ún. Táyà tó jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́gbẹ́ náà máa ń kùn, nítorí náà kí a kọ́kọ́ gbé táyà iwájú sẹ́yìn. Bí ohùn bá tẹ̀ lé e, táyà ni.

Ó ń *han*: bréèkì ni, irin pẹlẹbẹ kékeré ara páàdì ti kan díísìkì. Páàdì tuntun sábà máa ń nípọn tó mílímítà 10 sí 12. Tó bá ku 3, kó lọ. Bí híhan bá ti wá di *họ*, bí ìgbà tí wọ́n ń fi irin họ irin, páàdì ti tán, díísìkì ló ń jẹ.

Ó ń dún *kọ́-kọ́-kọ́* bí a bá yí ọwọ́ tán pátápátá: orí ṣáàfù iwájú ni. Ẹ wo rọ́bà tó bò ó, yóò ti ya, gírísì á ti fọ́n sára rímù, yanrìn á ti wọlé. Ó dún *gbọ̀ù* lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bí a bá ti rìfáàsì bọ́ sí dírááfù: kíróòsì tí ẹ ní kí wọ́n fún ní gírísì nìyẹn, wọn kò fún un.

Èyí tó kàn mí jù ni *gbọ̀n* àti *mì*, tí àwọn èèyàn ń pa pọ̀. Ọwọ́ ọkọ̀ tó ń gbọ̀n ní nǹkan bíi kìlómítà 100 lójú ọ̀nà Èkó, tó sì dákẹ́ bí eré bá dín kù, bálánsì táyà ló ń wá. Tó bá jẹ́ ìgbà tí a tẹ bréèkì nìkan ló ń gbọ̀n, díísìkì ni. Mímì yàtọ̀: ọwọ́ èèyàn ló ń mì í nígbà tí ọkọ̀ dúró. Kí a fi òkúta há táyà ẹ̀yìn, kí a gbé jákì sábẹ́ apá irin ìsàlẹ̀ tó di ẹsẹ̀ mú kí táyà kúrò nílẹ̀, kí a di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, ká fà á, ká tì í. Bó bá mì, bíárìn ni tàbí bọ́ọ̀lù jọ́ìntì, oríkèé tó so ẹsẹ̀ mọ́ apá irin yẹn. Kí a wá dì í mú lọ́tùn-ún lósì. Bó bá mì níbẹ̀ nìkan, táì rọ́ọ̀dù ni, ọ̀pá tó ń yí táyà. Lẹ́yìn náà kí a ti irin gígùn bọ abẹ́ táyà, ká gbé e sókè, ká fojú sí bọ́ọ̀lù jọ́ìntì ìsàlẹ̀. 4Runner ti 1996 sí 2002 kò fàyè gba ìfọwọ́yẹpẹrẹ níbẹ̀: ìwọ̀n ọkọ̀ ń fa bọ́ọ̀lù yẹn jáde nínú ilé rẹ̀ ni, kò tì í wọlé. Tó bá yọ, ẹsẹ̀ á dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ lórí eré. Ẹni tó bá kọ “ó ń gbọ̀n” síbi tó yẹ kó kọ “ó ń mì”, ọ̀dọ̀ oníbálánsì ni wọn yóò rán ọkọ̀ yẹn lọ.

—

Èmi tí mo kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ni mo padà dé. Àbúrò, ẹ ṣeun gan-an. Kùn, han, họ, gbọ̀n, mì: kí wọ́n wọ inú àkójọ wa bí ẹ ṣe tò wọ́n, láìyí ọ̀kan padà.

Ó ku “olómìnira”. Ẹnì kan dábàá “aládàáni” dípò rẹ̀, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ tí kọ́ńpìnnì yàn láti máa ta ọkọ̀ rẹ̀ náà, aládàáni ni. “Adádúró” ló sọ ọ́ yé: kò fi ẹ̀yìn ti kọ́ńpìnnì kankan, ìwé iṣẹ́ àti skáànì tó ń lò, òun ló wá a fúnra rẹ̀. A sì nílò ọ̀rọ̀ kan láàárín ojúlówó àti ayédèrú. Pátì tí kò sí nínú páálí Toyota kì í ṣe ayédèrú dandan. Denso tó ń ṣe pátì fún Toyota ń ta tirẹ̀ nínú páálí tirẹ̀ pẹ̀lú. Mo ní kí irú ìyẹn máa jẹ́ “ojúgbà”, kí a sì fi “ayédèrú” sílẹ̀ fún èyí tó jí orúkọ olórúkọ lò.

Ìbéèrè kan fún àwọn tó wà ní Géètì àti Ìwó Road. Èéfín dúdú, bẹntiróòlù tó pọ̀ jù ni. Èéfín funfun tí kò dáwọ́ dúró lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì gbóná, tó ń rùn bí ohun dídùn, omi rédíétọ̀ ló ń jó, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì. Èyí tó jẹ́ ti ọ́ìlì tó ń jó ni a kò rí ọ̀rọ̀ kan fìdí múlẹ̀ fún. Àwọn kan ń kọ “èéfín búlúù”, èmi ní “èéfín aláró”. Kí lẹ ń pè é níbẹ̀?