Ọ̀rọ̀ mẹ́fà péré: ṣé ó tó àròkọ?

Olùkọ́ Èdè:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Ìtàn ìgbésí ayé ọlọ́rọ̀ mẹ́fà, èyí tí Larry Smith bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 2006, tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ sì ti mú wọ kíláàsì, ni mo dán wò pẹ̀lú àwọn ọmọ JSS 2. Ọmọ kan tí kì í kọ ju ìlà méjì lọ nínú àròkọ fi ìwé pélébé kan lé mi lọ́wọ́: "Màmá mi ń sùn ní ṣọ́ọ̀bù." Ó wá béèrè bóyá "ń" náà jẹ́ ọ̀rọ̀ kan. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, n kò sì rí ohun mìíràn sọ. Ṣé kí n ní kí ó fẹ̀ ẹ́ lójú di àròkọ, àbí kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?

Alàgbà Onígègé:
Ẹ má fi kún un. Ohun tí ọmọ náà kò sọ gan-an ni ó mú kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wúwo. Kí ìwé tó dé ni àwọn baba wa ti mọ èyí: ní Ìjẹ̀bú, ọ̀dọ́mọkùnrin a so ẹyọ owó mẹ́fà ránṣẹ́ sí ọmọbìnrin, ìyẹn ẹ̀fà, pé ọkàn òun fà sí i, bí ó bá gbà, á fi mẹ́jọ dá a lóhùn, pé èrò àwọn jọra. Àrokò nìyẹn, kò sí ẹni tí ń bèèrè àlàyé.

Olùkọ́ Àgbà:
Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àròkọ Gẹ̀ẹ́sì ti WAEC ń béèrè nǹkan bí 450 ọ̀rọ̀. Èmi a máa fi mẹ́fà náà bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ni màá ní kí wọ́n kọ ìpínrọ̀ kan lórí ohun tí wọ́n rí tàbí tí wọ́n gbọ́ níbẹ̀. Ẹ ṣọ́ wọn o: àwọn tèmi ti ń lẹ "nígbà tí" pọ̀ di ọ̀rọ̀ kan kí iye má baà kọjá!

Ìyá Ìbejì:
Ṣé ẹ ti bi ọmọ náà bóyá ó fẹ́ kí ẹlòmíràn kà á? Olùkọ́ kan lẹ ti ọmọ mi mọ́ ògiri kíláàsì: "Bàbá mi ti padà, kò dúró." Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo àdúgbò ti gbọ́. Ẹ̀yin náà sì ti gbé ti ọmọ yìí síta.

Olùkọ́ Èdè:
Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má bínú. Ibi tí ó kọ yàtọ̀. Èmi ni mo fi "ṣọ́ọ̀bù" rọ́pò rẹ̀. Ìwé náà ṣì wà nínú àpò mi. Lọ́la ni màá dá a padà fún un ní kọ̀rọ̀, màá sì bi í bóyá òun náà ń sùn níbẹ̀.