Ẹni tó fẹ́ ṣe ọnarébù ní wọn ò ní ti ọjà mọ́ tí àrùn bá tún dé. Kí ni kí n bi í?

Aládìrẹ Ìtòkú

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹnì kan tó ń múra ìdìbò 2027, tó fẹ́ lọ sílé aṣòfin ìpínlẹ̀, wá kí ẹgbẹ́ wa ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta níbí, lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Ó ka nǹkan tó fẹ́ ṣe fún wa: tíráńsífọ́mà, kànga ẹ̀rọ, gọ́tà tó ń da omi sójú títì, owó yíyá fún àwa tá à ń ṣe àdìrẹ. A kàn ń wò ó níran ni, irú ẹ̀ pọ̀ tá a ti gbọ́. Ìgbà tó wá ní, "Tí irú Kòrónà bá tún dé, wọn ò ní ti ọjà yín lójú mi," gbogbo ilé hó yèè. Ìyá kan tú gèlè, ó ń fì í lókè.

Èmi náà pàtẹ́wọ́. Ẹni tó bá ń tajà ní 2020 á mọ ìdí. Mo ti ra gínnì funfun láwìn nítorí ọjà Àjíǹde àti ti Ìtúnu Ààwẹ̀. A ti da àbẹ́là sí i, a ti rẹ ẹ́, ó ti gbẹ, a ti lù ú, ni wọ́n bá ní kónílé ó gbélé. Àwọn oníbàárà mi tó ń ti Èkó wá kó ọjà ò lè kọjá títí oṣù keje fi wọlé. Èyí tó kù nílẹ̀ la gé rán ìbòmú. Ìbòmú tà, mi ò ní parọ́, àmọ́ èèyàn tó ń ta yáàdì márùn-ún márùn-ún wá ń ta abala abala. Ẹni tó ń pín ìrẹsì ìrànwọ́ ládùúgbò wa ní kí n lọ mú káàdì ìdìbò wá. Kí n tó dé, ìrẹsì ti tán.

Ẹni tó fẹ́ ṣe ọnarébù yẹn ń padà bọ̀ wá gbọ́ ìbéèrè, ìyálọ́jà sì ní èmi ni kí n gbẹnu sọ fún àwa aládìrẹ. Ṣé aṣòfin ìpínlẹ̀ lágbára lóòótọ́ láti ní kí wọ́n má ti ọjà? Mi ò fẹ́ béèrè ohun tó máa fi ẹ̀rín àti "màmá wa" dá lóhùn.

Ọmọ Láfẹ́nwá

Ìyá wa, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Ẹni tó bá ní òun ò ní tì wá mọ́lé, tèmi ni onítọ̀hún. Ọ̀kadà ni mo ń gùn nígbà yẹn. Àrùn yẹn ò mú ẹnì kankan nílé wa, ebi ló mú wa. Ẹ bi í léèrè ọ̀rọ̀ gọ́tà, kẹ́ ẹ sì dìbò fún un.

Akọ̀wé Tó Ti Fẹ̀yìntì

Ìyá Aládìrẹ, ẹ kú ọjà. Ilé aṣòfin ni mo ti fẹ̀yìntì, iwájú mi ni ọ̀pọ̀ wọn ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń dìde sọ̀rọ̀. Ohun tí ọkùnrin yẹn ṣèlérí fún yín kò sí lọ́wọ́ ẹ̀.

Ẹ rántí bó ṣe lọ. Ọjọ́ 30 oṣù kẹta 2020 ni Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí àṣẹ tó ti Èkó, Àbújá àti Ògùn. Gómìnà wa bẹ̀bẹ̀ kí tiwa sún díẹ̀ kí èèyàn lè ra oúnjẹ sílé, ló fi di ọjọ́ 3 oṣù kẹrin kí tiwa tó bẹ̀rẹ̀. Ààrẹ pàṣẹ, gómìnà bẹ̀bẹ̀. Ta ló bi àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tó ń jókòó ní Òkè Mosàn léèrè? Òfin tí Buhari gbára lé ni Quarantine Act, òfin sísé èèyàn mọ́ kí àrùn má bàa tàn, láti ayé òyìnbó ni, 1926. Ìwé òfin 1999 sì fi ọ̀rọ̀ quarantine sínú ohun tí ìjọba àpapọ̀ nìkan lè ṣòfin lé lórí. Aṣòfin ìpínlẹ̀ tó bá ní òun á ṣòfin tako ó, inú apẹ̀rẹ̀ ló ń pọn omi sí. Ṣóyínká, tí wọ́n bí sí Abẹ́òkúta níbí, béèrè nígbà náà bóyá ààrẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti pa irú àṣẹ bẹ́ẹ̀. Àwọn lọ́yà jiyàn lé e lórí, ilẹ̀kùn sì wà ní títì bó ṣe wà.

Ẹ gbọ́ èyí tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ìjìyà tó wà nínú òfin 1926 yẹn ni owó ìtanràn igba náírà, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì. Igba náírà ò ra búrẹ́dì mọ́, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́fà ò tíì dín. Ní oṣù kẹrin 2020 kan náà, Gbàjàbíàmílà, tó jẹ́ olórí ilé aṣòjú-ṣòfin l'Ábùjá nígbà náà, gbé àbá òfin tuntun lórí àrùn tó ń ràn lọ síbẹ̀. Ariwo sọ, wọ́n ní òfin Singapore ni wọ́n dà kọ. Kò di òfin.

Nísinsìnyí, ibi tí ọwọ́ aṣòfin tiyín tó. Quarantine Act yẹn fúnra ẹ̀ sọ pé tí ààrẹ ò bá sọ nǹkan kan, gómìnà lè pàṣẹ fún ìpínlẹ̀ tiẹ̀. Tó bá jẹ́ gómìnà ló pàṣẹ lọ́jọ́ iwájú, iwájú Ilé ló yẹ kó ti wá ṣàlàyé. Abala 128 nínú ìwé òfin 1999 fún Ilé lágbára láti pe kọmíṣọ́nnà, kí wọ́n sì wádìí bí wọ́n ṣe ná owó. Abala 121 ní gómìnà gbọ́dọ̀ gbé ìṣúná wá fún wọn kí wọ́n fọwọ́ sí i kó tó lè ná an. Ibẹ̀ gan-an ni ká ti mú un. Kò sí ìkankan nínú ohun tó kà fún yín tó kan ibẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀, iṣẹ́ alága ìjọba ìbílẹ̀ àti iléeṣẹ́ iná ni. Àní ọjà gan-an, ìwé òfin fi í sábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Iṣẹ́ aṣòfin ni owó àti ìbéèrè. Ọ̀pọ̀ wọn ò fẹ́ràn ìbéèrè, torí ìbéèrè kì í jẹ́ kí gómìnà rẹ́rìn-ín sí èèyàn.

Tó bá sì sọ pé òun máa gbé àbá òfin dìde, ẹ bi í pé àwọn wo ló máa bá a dìbò. Bí gómìnà bá kọ̀ tí kò fọwọ́ sí i, èèyàn méjìdínlógún nínú mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Ilé nílò láti fi borí ẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo lòun.

Nọ́ọ̀sì Ìdí-Àbà

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin àgbà. Ọmọ Láfẹ́nwá, má fi èyí ṣeré. Ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n rí Kòrónà lára ẹ̀ ní Nàìjíríà, ará Ítálì tó wá ṣiṣẹ́ ní Ewékorò ni, ní ìparí oṣù kejì 2020. Ewékorò tá à ń wọ ọkọ̀ lọ yìí.

Mo gbà pé wọn kì í ṣàdéédéé tì ìlú. Nígbà tí Ebola dé Èkó ní 2014, ẹnikẹ́ni ò ti Èkó pa. Ogún èèyàn ló mú ní gbogbo Nàìjíríà, mẹ́jọ kú. Wọ́n wá àwọn tó fara kan wọn kàn, wọ́n tó 894, wọ́n ń bá wọn délé láti wọn bí ara wọn ṣe gbóná tó. Ṣùgbọ́n Ebola kì í ràn kí àìsàn tó hàn lára èèyàn. Kòrónà ń ràn láti ara ẹni tó ń rẹ́rìn-ín, tó ń ná ọjà. Ìdí nìyẹn tí irú ètò ti Ebola nìkan ò fi lè tó. Ẹni tó bá sọ pé "láéláé, a ò ní ti ọjà" kò tíì bá dókítà kankan sọ̀rọ̀. Àrùn wo ló ń sọ? Ṣé ó ti mọ orúkọ ẹ̀ ni?

Ohun tó bí mi nínú nígbà yẹn ni ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti Ẹtì tí wọ́n fi sílẹ̀ fún rírà àti títà. Gbogbo ìlú tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ bá dé ọjà Kútò láàárọ̀ Ẹtì, èjìká ń lu èjìká. Korobá elẹ́nu ẹ̀rọ tí wọ́n gbé sẹ́nu ọ̀nà wà níbẹ̀ lóòótọ́, ọṣẹ lórí ẹ̀, kò sómi nínú ẹ̀. Ẹ bi ọnarébù yín nípa omi. Ẹ bi í pé àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké tó wà ní ẹkùn ìdìbò ẹ̀, mélòó ló ní afẹ́fẹ́ ọ́síjìn.

Ọmọ Láfẹ́nwá

Àǹtí nọ́ọ̀sì, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gba owó oṣù ló lè jókòó sílé. Ẹ ò lè ní kí ẹni tó ń jẹun òòjọ́ gbélé láìgbé nǹkan síwájú ẹ̀. Tí wọ́n bá gbé oúnjẹ dé kí wọ́n tó tilẹ̀kùn, màá gbélé, màá tún bá wọn ṣọ́ àdúgbò.

Nọ́ọ̀sì Ìdí-Àbà

A ò jà nípa ìyẹn rárá.

Aládìrẹ Ìtòkú

Ẹ ṣé gan-an. Bàbá Akọ̀wé, Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ jèrè ọjọ́ alẹ́. Bí mo ṣe fẹ́ bi í nìyí, ẹ bá mi wò ó:

"Ọnarébù, tí gómìnà bá ní kónílé ó gbélé, lẹ́yìn ọjọ́ mélòó lẹ máa ní kó wá ṣàlàyé níwájú Ilé? Níbo ni owó oúnjẹ wa máa wà nínú ìṣúná kí àrùn tó dé? Ṣé ẹ máa jẹ́ kí wọ́n lẹ orúkọ àwọn tí wọ́n fún ní nǹkan mọ́ ògiri ọjà?"

Mo ti yọ tíráńsífọ́mà kúrò. Gọ́tà wà níbẹ̀ ṣá, òjò ò mọ̀ bóyá iṣẹ́ aṣòfin ni. Ṣé èèyàn bíi tèmi lè wọ Òkè Mosàn lọ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é?

Akọ̀wé Tó Ti Fẹ̀yìntì

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ fi kún un pé kó kọ ìdáhùn sílẹ̀, kó fọwọ́ sí i, kí akọ̀wé ẹgbẹ́ yín tọ́jú ẹ̀. Òkè Mosàn ẹ lè wọ̀ ọ́ o, ìjókòó àwọn ará ìlú wà nínú gbọ̀ngàn. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ọjọ́ ìjókòó, ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ dání, kẹ́ ẹ sì pa fóònù. Tẹ́ ẹ bá lè kó èèyàn bíi mẹ́wàá lọ, kí gbogbo yín wọ àdìrẹ, wọ́n á rí yín.