Ẹ wá sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ tí wọ́n sọ sí yín kí Duke àti Carolina tó pàdé ní New Orleans

Bọ̀dá Durham

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo fẹ́ ká sọ̀rọ̀ nípa ọ̀sẹ̀ kan tí ẹni tó bá ń gbé àgbègbè wa nígbà náà ò lè gbàgbé: ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Sátidé ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin, 2022. Láti 1920 ni yunifásítì Duke ní Durham àti Carolina, yunifásítì North Carolina ní Chapel Hill, ti ń bá ara wọn fà á lórí bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà tó wà láàárín ilé ẹ̀kọ́ méjèèjì ò ju nǹkan bíi kìlómítà 16 lọ. Síbẹ̀, wọn ò pàdé rí nínú ìdíje ńlá ti oṣù Kẹta tí àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà fi ń du ife, àfi ọdún yẹn. Ìgbà tí wọ́n sì máa wá pàdé, ìpele tó kángun sí aṣekágbá ni, nínú Superdome ní New Orleans. Mike Krzyzewski, tí gbogbo ayé ń pè ní Coach K, sì ti kéde pé ọdún yẹn lòun máa fẹ̀yìn tì lẹ́yìn ọdún 42 ní Duke. Tí Duke bá fìdí rẹmi, ó parí nìyẹn.

Carolina ni mo ti kàwé jáde, Durham ni mo kọ́lé sí. Ẹ ṣáà bá mi wo orí. Bàbá òyìnbó tí ilé wa jọ pààlà, alátìlẹ́yìn Duke paraku ni. Lówùúrọ̀ Mọ́ńdè ọ̀sẹ̀ yẹn, mo ṣílẹ̀kùn pé kí n máa lọ síbi iṣẹ́, mo bá páálí tíṣù kan lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti fi ríbọ́ọ̀nù dì í ní àdìpọ̀ ẹ̀bùn, búlúù Duke tó dúdú kirikiri yẹn, ó wá kọ ọ́ sí i lára pé: «Fún alẹ́ Sátidé. Má fi apá aṣọ nujú.»

Mi ò sọ nǹkan kan. Mo lọ sọ́ọ̀bù, mo ra káàdì tí wọ́n fi ń kí àwọn tó bá fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, mo kọ «Coach K, ẹ kú ìfẹ̀yìntì o, lẹ́ẹ̀kejì» sínú rẹ̀, mo tì í sínú àpótí lẹ́tà rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ ohun tó fa «lẹ́ẹ̀kejì». Ọjọ́ 5 oṣù Kẹta ni wọ́n ṣe àríyá ìdágbére fún bàbá náà ní Cameron, ilé bọ́ọ̀lù Duke, àwọn tó ti gbá bọ́ọ̀lù lábẹ́ rẹ̀ rí, tí wọ́n lé ní 90, dúró yí pápá ká, àwọn ọmọ wa wá na Duke 94 sí 81 lójú gbogbo wọn. Coach K fúnra rẹ̀ ló gba maíìkì tó ń bẹ àwọn èrò.

Tó bá jẹ́ ẹlòmíì ni, ọ̀rọ̀ tán nìyẹn. Nígbà tí mo máa dé láti ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, káàdì mi ti wà lára fèrèsé bàbá yìí, ó kọjú sí ilé ìdáná mi gan-an. Ó ti fi pẹ́ẹ̀nì pa «Coach K» rẹ́, ó kọ «Hubert Davis» sí i. Hubert Davis, kóòṣì wa nígbà náà, tí kò tíì lo ọdún kan lórí oyè! Ìyàwó mi ní kí n rọra, pé àgbà ni. Àgbà wo?

Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ má fi ti yín pamọ́.

Ọmọ Àgọ́

Bọ̀dá Durham, ẹnu yín ò ní í kan. Ṣùgbọ́n bàbá yẹn ju agbára yín lọ, ẹ gbà bẹ́ẹ̀.

Duke ni mo ti ṣe másítàsì. Àwa tí a ti gba oyè àkọ́kọ́ tẹ́lẹ̀, oṣù Kẹsàn-án la máa ń pa àgọ́ tiwa, òpin ọ̀sẹ̀ kan gbáko, kí orúkọ èèyàn lè wọ inú ìbò tíkẹ́ẹ̀tì. Wọ́n á fọn fèrè lóru, wọ́n á ní kí ẹ jáde wá jẹ́ orúkọ yín. Ẹni tó bá sùn gbàgbé, ó di ọdún tó ń bọ̀. Nítorí ìjókòó nínú Cameron ni o, ilé tí kò gba ju èèyàn 9,314 lọ. Kí ẹ tó máa pè wá ní wèrè, ẹ kọ́kọ́ mọ̀yẹn.

Ẹni tó fojú mi rí màbo lọ́sẹ̀ yẹn, àbúrò kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ni. Chapel Hill ló ti jáde, ọmọ Ìbàdàn ni, ẹ sì mọ̀ pé wọn kì í wá ọ̀rọ̀ tì. Gbogbo wa ti jókòó oúnjẹ ọ̀sán nígbà tó bẹ̀rẹ̀.

«Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ife mélòó lẹ ní?»

Mo ní márùn-ún.

«Àwa ńkọ́?»

Mo ní mẹ́fà.

«Ẹni tó ní márùn-ún ló máa ń kọ́kọ́ kí ẹni tó ní mẹ́fà. Ẹ káàsán, sà.»

Gbogbo tábìlì pariwo. Mo ní ẹ dúró ná, ipò 8 ni wọ́n tò yín sí ní ẹkùn yín, àwa wà ní ipò 2, ṣé ẹ ò rí i pé ẹ̀yìnkùlé lẹ gbà wọlé? Mo ní àti pé 1957 lẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ife tiyín, nígbà tí bàbá mi ò tíì mọ̀ pé òun máa fẹ́ ìyá mi. Márààrún tiwa, ọkùnrin kan ṣoṣo ló gbà á fún wa.

Ó jẹ oúnjẹ ẹnu rẹ̀ tán, ó mu omi.

«Ọkùnrin kan ṣoṣo yẹn náà ló ń lọ yìí, ẹ̀gbọ́n. Ta ló kù fún yín?»

Mo rẹ́rìn-ín, kí wọ́n má baà ní mo bínú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Ọmọ yẹn burú.

Onídìrí Raleigh

Ẹ̀yin lẹ mọ bọ́ọ̀lù, irun lèmi mọ̀. Lọ́jọ́ Fúráìdè tí ilẹ̀ máa mọ́ tí wọ́n máa gbá a, ṣọ́ọ̀bù mi kún. Ọmọbìnrin kan ti wà lórí àga, ó ní àtáṣímẹ́ǹtì aláwọ̀ ojú sánmà lòun fẹ́, àwọ̀ Carolina. Mo ti dì í dé ìdajì nígbà tí òmíì wọlé, òun ń bèèrè búlúù dúdú. Ìdí rẹ̀ ò tíì kan àga tó fi sọ pé:

«Àǹtí, ẹ bá mi dì í le dáadáa o, kó má tú lórí rẹ̀ tó bá ń yílẹ̀ lọ́la.»

Èyí tó wà lọ́wọ́ mi ò lè yíjú, orí rẹ̀ ṣáà wà láàárín ọwọ́ mi. Ó kàn sọ sínú dígí:

«Àǹtí, ẹ bá mi bi í, ta ló kú fún un tó fi fẹ́ dúdú?»

Mo rẹ́rìn-ín títí ìyarun fi bọ́ lọ́wọ́ mi. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bá a lọ, kò sí ẹni tó bá ẹnì kejì sọ̀rọ̀ tààrà. Gbogbo rẹ̀, «Àǹtí, ẹ bá mi sọ fún un», «Àǹtí, ẹ ní kó má gbàgbé». Èmi ni mo wá di alárinà. Màmá kan wà lábẹ́ ẹ̀rọ ìgbẹrun, fìlà NC State, yunifásítì Raleigh níbí, wà lórí itan rẹ̀. Nígbà tó sú u, ó yọrí, ó ní:

«Ẹ̀yin ọmọ yìí, Raleigh lẹ wà o. Pupa là ń wọ̀ níbí. Àdúrà mi ni pé kí àwọn méjèèjì fìdí rẹmi.»

Mo ní Màmá, báwo ni méjèèjì ṣe fẹ́ fìdí rẹmi nínú eré kan náà? Wọ́n ní kí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ wá ọgbọ́n dá sí i.

Nígbà tí ọmọ Carolina dìde, ó san owó rẹ̀, ó fi dọ́là márùn-ún lé e, ó wá tẹnu bọ̀ mí létí pé tí mo bá dé orí ẹni yẹn, kí n jẹ́ kó dùn ún díẹ̀. Mo gba owó náà o. Bí mo ṣe di irun ẹni kejì, èmi àti Ọlọ́run la mọ̀ ọ́n.

Ìyá Ìbejì

Nínú ilé mi lèmi ti rí tèmi. Nọ́ọ̀sì ni mí ní ilé ìwòsàn Duke, Chapel Hill ni ọkọ mi ti kàwé. Ẹ ò jẹ́ bú ọkọ yín lójú ọmọ, àbí? Àdúrà ni mo máa ń fi ṣe é. Gbogbo àárọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn, tí a bá kúnlẹ̀ tán, mo máa gbé ohùn sókè:

«Olúwa, bá wa fún Bàbá Ìbejì ní ọkàn tó lè gba òtítọ́. Tù wọ́n nínú ṣáájú, Baba, nítorí alẹ́ Sátidé.»

Àwọn ọmọ á ṣe «Àmín» wọn gbọnmọgbọnmọ, wọn ò mọ nǹkan kan. Ọkọ mi ò ní ṣí ojú. Tó bá kàn wọ́n, wọ́n á ní:

«Olúwa, bá wa rántí bàbá ẹni ọdún 75 kan ní Durham níbí. Jẹ́ kó ríṣẹ́ ṣe láti Sọ́ńdè lọ.»

Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, bàbá ọkọ mi pè láti Ìbàdàn, ariwo wa ni wọ́n bá lórí fóònù. Wọ́n ní ta ni Kéè tí ẹ ń dárúkọ, ṣé ó ti kú ni? Ọkọ mi ní, «Rárá, Bàbá, ó di alẹ́ Sátidé.» Bàbá ní Ọlọ́run á tù wọ́n nínú. Mo sá wọ yàrá.

Ẹ ti mọ bó ṣe parí. Wọ́n ń gba ipò iwájú lọ́wọ́ ara wọn títí dé òpin. Nígbà tí Mark Williams tiwa ní Duke pàdánù bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́ méjèèjì, èyí tí wọ́n ń fún ẹni tí wọ́n bá ṣẹ̀, tí eré ò ku ìṣẹ́jú kan mọ́, inú mi ti sọ fún mi. Caleb Love ti Carolina wá fò sókè láti ọ̀ọ́kán, ó ju bọ́ọ̀lù onípọ́ìǹtì mẹ́ta kọjá orí Mark Williams yẹn náà, ó di 78 sí 74. 81 sí 77 ni wọ́n parí ẹ̀. Mo ń retí kí ọkọ mi máa jó. Wọn ò jó. Wọ́n pa tẹlifíṣọ̀n, wọ́n tún fìlà dé, wọ́n ní, «Ìyá Ìbejì, ẹ jẹ́ ká gbàdúrà.»

Bàbá Houston

Mo rí 94 sí 81 tí Bọ̀dá Durham kọ sókè yẹn, ara mi ta gìrì. Àmì ayò yẹn gan-an la fi na Louisville ní Albuquerque lọ́dún 1983. Ìgbà yẹn, yunifásítì Houston ni mo wà, ọmọ Èkó wa, Hakeem Ọlájuwọn, ló ń ṣe bẹbẹ fún wa. «Akeem» ni wọ́n ṣì ń kọ orúkọ rẹ̀ nígbà náà. Lọ́jọ́ Sátidé yẹn ó ju àmì ayò 21 wọlé, ó gba bọ́ọ̀lù 22 tó ta padà lára apẹ̀rẹ̀. Kí ló tún kù? Ṣebí NC State ló kù fún aṣekágbá lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ẹgbẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò kà sí.

Mò ń ṣiṣẹ́ òru nílé epo kan nígbà yẹn. Ọmọ North Carolina kan wà níbẹ̀, a jọ ń gba owó ni. Ọjọ́ Sọ́ńdè, mi ò jẹ́ kó sinmi. Mo ní kó pe àwọn ará ilé rẹ̀ pé kí wọ́n má wulẹ̀ tú ẹrù ní òtẹ́ẹ̀lì. Mo ní àwọn ọmọ wa máa fò kọjá lórí wọn, wọn ò ní mọ̀ pé ẹnì kan kọjá. Kò bínú. Ó ń ka ṣéńjì rẹ̀, ó ní:

«Ẹ máa fò. Àwa á dúró dè yín níbi bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́.»

Mi ò tètè gbọ́ ohun tó wí. Ó dìgbà tí NC State bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ọ́mọ̀ ṣẹ àwọn ọmọ wa kó lè yé mi, tí wọ́n ń dúró síbi bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́ tí wọ́n sì ń ṣì í jù. Ó di 52 sí 52. Dereck Whittenburg ju bọ́ọ̀lù kan láti ọ̀nà jíjìn réré, kò tilẹ̀ dé apẹ̀rẹ̀, Lorenzo Charles hán an lófuurufú, ó tì í wọlé. 54 sí 52. Jim Valvano, kóòṣì wọn, ń sáré kiri pápá, ó ń wá ẹni tó máa dì mọ́. Hakeem ni wọ́n fún ní oyè agbábọ́ọ̀lù tó ta yọ jù, nínú ẹgbẹ́ tí wọ́n nà! Kí ni mo fẹ́ fi oyè ṣe lóru yẹn?

Nígbà tí mo máa dé ẹnu iṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ kejì, ọmọkùnrin yìí ti ń sáré yípo ilé epo, ó la apá sílẹ̀ gbàgà. Gbogbo oníbàárà tó wọlé ló ń dì mọ́. Ó dì mọ́ awakọ̀ tírélà. Ó dì mọ́ ọlọ́pàá tó wá ra kọfí. Tó bá dé ọ̀dọ̀ mi, á yà, á gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá.

Ọmọ Àgọ́

Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́ sà. Ikú dé!

Ará Kansas

Mo ti ń kà yín bọ̀ látòkè. Mo rí i pé ẹnikẹ́ni nínú yín ò dárúkọ Mọ́ńdè.

Sátidé kan náà yẹn la na Villanova 81 sí 65, kò sẹ́ni tó rí wa, ojú gbogbo ayé wà lára Coach K. Ìyẹn ò dùn wá. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, àwa àti Carolina pàdé ní aṣekágbá, Carolina fi 40 sí 25 lọ ìsinmi. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Charlotte, tí a jọ lọ iléèwé girama ní Òṣogbo, kò lè mú un mọ́ra. Ó fi ohùn ránṣẹ́ sí mi nígbà ìsinmi yẹn. Ó ń lù tábìlì, ó ń kọrin, ó ń kí mi kú ìnáwó, ó ní kí n gba òun níyànjú irú aṣọ tí òun máa wọ̀ lọ sí Franklin Street, òpópónà tí wọ́n ti ń ṣe àjọyọ̀ ní Chapel Hill. Mo gbọ́ ọ tán, mi ò dá a lóhùn. 72 sí 69 la fi gba ife náà. Kò sí ẹgbẹ́ kan tí wọ́n fi irú iye bẹ́ẹ̀ ṣíwájú rẹ̀ ní ìdajì eré aṣekágbá rí, tó padà wá gbà á.

Ohùn ọ̀hún ṣì wà lórí fóònù mi. Ṣé kí n gbé e síbí?

Bọ̀dá Durham

Ẹ̀yin ará Kansas, ta ló pè yín sọ́rọ̀ ẹbí?

Ọmọ Àgọ́

Ẹ má dá wọn lóhùn jàre. Ẹ gbé e wá ká gbọ́.