Gúrótò Ìràpadà ti West Bend: báwo ni wọ́n ṣe fi ọwọ́ kọ́ ọ, kí ló sì máa ń ba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ jẹ́?

Ọmọ Ìjọ
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹni tó bá mọ ìtàn Gúrótò Ìràpadà (Grotto of the Redemption) tó wà ní West Bend, ìpínlẹ̀ Iowa, l'Amẹ́ríkà, ìyẹn ibi ìjúbà Kátólíìkì tí wọ́n fi òkúta kọ́ bí ihò àpáta, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ. Ìlú àgbẹ̀ ni, èèyàn ibẹ̀ ò tó 1,000, síbẹ̀ gúrótò náà tóbi tó odidi àdúgbò kékeré kan. Ta ló kọ́ ọ? Báwo ni àwọn òkúta yẹn ṣe lẹ̀ mọ́ ògiri? Ìjọ wa lábúlé fẹ́ kọ́ kékeré kan fún Màríà Wúńdíá, irú ti Lourdes ní ilẹ̀ Faransé. A fẹ́ mọ ohun tó máa ń bà á jẹ́ kí a tó po simẹ́ńtì.

Akọ̀wé Pàríìṣì
Fadá Paul Dobberstein ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Jámánì ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1872. Ó kàwé àlùfáà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà St. Francis nítòsí ìlú Milwaukee, l'Amẹ́ríkà, ó sì di àlùfáà ní 1897. Ohun tí ìjọ ń sọ ni pé òtútù àyà gbé e dè nígbà tó ṣì ń kàwé, ló bá jẹ́jẹ̀ẹ́ fún Màríà Wúńdíá pé bí òun bá yè é, òun á kọ́ ibi ìjúbà kan fún un. Wọ́n gbé e lọ sí West Bend ní 1898.

Ẹ kíyè sí èyí dáadáa: kò bẹ̀rẹ̀ ilé lọ́dún náà. Ó lé ní ọdún mẹ́wàá tó fi ń kó òkúta jọ gègèrè sẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. 1912 ni iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kò sì dáwọ́ dúró títí ó fi kú ní 1954. Òkúta quartz aláwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú tó wà níbẹ̀, àwọn òkè Black Hills ní ìpínlẹ̀ South Dakota ni wọ́n ti kó o. Igi àtayébáyé tó ti di òkúta náà wà níbẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu. Àwọn ère ni wọn ò gbẹ́ fúnra wọn. Mábù Carrara láti Ítálì ni wọ́n.

Gúrótò mẹ́sàn-án ló so kọ́ra, láti orí Ádámù àti Éfà títí dé ibojì Jésù, ibùjẹ ẹran Bẹ́tílẹ́hẹ́mù àti Ọ̀nà Àgbélébùú náà ò gbẹ́yìn. Orúkọ Fadá nìkan ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń dá, èyí ò sì dáa tó. Matt Szerensce, ọmọ ìjọ náà, bá a ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀, 1959 ló tó fẹ̀yìn tì. Fadá Louis Greving dé ní 1946, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ lẹ́yìn ikú Dobberstein. Ẹ̀rọ iná tó ń gbé ẹrù sókè ò dé ibẹ̀ títí di 1947. Gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ ṣáájú ìgbà náà, ọwọ́ èèyàn ló gbé e.

Bíríkìlà Àgbà
Ẹ ṣeun, Akọ̀wé. Ẹ jẹ́ kí n fi ti iṣẹ́ ọwọ́ kún un. Ìgbà òtútù ni wọ́n máa ń ṣa òkúta, tí wọ́n á sì fi kọnkéré tò ó sí pátákó pátákó. Bí ooru bá dé, wọ́n á gbé pátákó náà lọ lẹ̀ mọ́ ara ilé. Ẹ̀yin náà lè ṣe é bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ́ egungun ilé ná: ìpìlẹ̀, rọ́ọ̀dù, kọnkéré. Ẹ̀ṣọ́ ló kẹ́yìn.

Fún pátákó kan, ẹ fi pákó ṣe férémù tó fẹ̀ tó 60 sẹ̀ǹtímítà níhà gbogbo. Ẹ tẹ́ yanrìn tútù bíi sẹ̀ǹtímítà méjì sí i nísàlẹ̀, kí ẹ da ojú òkúta dé sínú yanrìn náà. Ẹ wá da àpòpọ̀ lé e: simẹ́ńtì ìwọ̀n kan, yanrìn odò tí wọ́n fọ̀ mọ́ ìwọ̀n mẹ́ta. Omi ò gbọdọ̀ pọ̀. Bí ẹ bá fún ẹ̀kúnwọ́ kan, kó dì mọ́ra láìro omi sílẹ̀. Nípọn rẹ̀ kó tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún. Ẹ tẹ́ wáyà alásokọ́ra tí wọ́n fi ń ṣe ilé adìyẹ sí àárín, kí ẹ jẹ́ kí ìdì wáyà mẹ́rin yọ lẹ́yìn tí ẹ máa fi so ó mọ́ rọ́ọ̀dù. Ẹ fi àpò tútù bò ó fún ọjọ́ méje. Èyí tó bá gbẹ kíákíá nínú oòrùn, òun gan-an ni òkúta máa ń já bọ́ lára rẹ̀. Òkúta tó ń dán kì í di simẹ́ńtì mú, torí náà ẹ ri í wọlé kọjá ìdajì.

Olùtọ́jú Ilé Àtijọ́
Omi ni ọ̀tá àkọ́kọ́. Ní Iowa, omi tó bá wọ inú pàlàpálá á di yìnyín, á fi nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún fẹ̀ sí i, á sì ti òkúta jáde. Lọ́dọ̀ yín, omi kì í di yìnyín nínú ògiri, àmọ́ rọ́ọ̀dù tó bá dógùn-ún á wú, á sì bẹ́ kọnkéré. Ẹ jẹ́ kí kọnkéré tó bò ó tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin, ẹ má sì lo yanrìn òkun, iyọ̀ wà nínú rẹ̀. Òrùlé gúrótò ni kí ẹ ṣọ́ jù: kò gbọdọ̀ sí ibi tó jin kòtò tí omi á dúró sí. Ẹ dá ihò ìṣàn sẹ́yìn ògiri.

Ẹni tó bá fẹ́ lo ìgò àti ìkarawun, Fadá Matthias Wernerus lò wọ́n dáadáa ní Dickeyville, Wisconsin, láàárín 1925 sí 1930. Ó rẹwà púpọ̀. Ṣùgbọ́n ìgò tó wà nínú simẹ́ńtì tí omi ń rin léraléra lè wú kó sì dá sáàárín. Ametisti, òkúta aláwọ̀ elése àlùkò, ń ṣá nínú oòrùn, abẹ́ òjìji ló yẹ ẹ́. Ẹ má fi ásíìdì fọ ohunkóhun; ó ń jẹ ìkarawun, ó ń jẹ simẹ́ńtì. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ àti omi ti tó. Kí ibi tí wọ́n ń tan àbẹ́là wà níta ihò, èéfín rẹ̀ á dúdú mọ́ òrùlé tí kò ní ṣe é fọ̀.

Ọmọ Ìjọ
Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ̀yin àgbà. Yangí ló pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ṣé a lè lò ó lójú ògiri?

Bíríkìlà Àgbà
Rárá o. Ó ń mu omi, ó sì rọ̀ ju simẹ́ńtì lọ, òjò á jẹ ẹ́ tán, á ku simẹ́ńtì tó yí i ká. Òkúta akọ ni kí ẹ wá. Ẹ ri í sómi mọ́jú, kí ẹ fi òòlù gbá a: èyí tó bá dún ganran, ẹ lò ó, èyí tó bá dún gbì, ẹ fi dí kòtò ọ̀nà.