"Klai" méjì tí etí mi gbọ́ ní Bangkok

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ará. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ìrírí àjò yín, mi ò kàn dá sí i ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n kan sọ lánàá, pé ẹni tó bá lọ sí Bangkok, olú ìlú Thailand, kò ní rí ohunkóhun tó jọ ti ilé níbẹ̀, kò jẹ́ kí n sùn. Ẹ forí jì mí, ẹ̀gbọ́n, mi ò gbà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí, pàápàá ohun tí etí mi gbọ́.

Àbúrò mi obìnrin tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù ló ní ká lọ. Ọjọ́ mẹ́sàn-án la lò. Gbogbo ohun tí wọ́n máa ń sọ nípa ìlú náà ló wà níbẹ̀ lóòótọ́: ooru tó ń gbá ni lójú bí ìgbà tí èèyàn ṣí ìkòkò tó ń hó, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, àwọn ọlọ́kadà tó wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn tí wọ́n ń gba àárín ọkọ̀ kọjá, àti ọkọ̀ ojú irin tó ti ń sáré lórí afárá lókè orí gbogbo wọn láti 1999.

Ọjọ́ kejì, a ń wá èbúté Tha Tien, níbi tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá odò Chao Phraya lọ sí Wat Arun, tẹ́ńpìlì gíga tí wọ́n fi àfọ́kù tánganran ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ yíká. Mo bi ìyá kan tó ń gé ọ̀pẹ̀ òyìnbó tà lẹ́bàá ọ̀nà. Ó ní, "Klai." Àbúrò mi tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ó jìnnà o." Bá a ṣe wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá nìyẹn, tuk-tuk ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún. Ọkùnrin tó wà á gbé wa yí ká títí, ó gba 200 baht, owó wọn nìyẹn, ó wá já wa sílẹ̀ ní èbúté. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, agboòrùn ìyá ọlọ́pẹ̀ òyìnbó wa ni mo rí. Ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ta ni! Inú bí mi gan-an, ìyá yẹn ni mo sì bínú sí. Mo rò pé ó purọ́ fún wa ni.

Lálẹ́, mo ro ẹjọ́ fún ọmọbìnrin tó ń gba àlejò ní òtẹ́ẹ̀lì wa. Ó ní kí n pè é bí ìyá náà ṣe pè é. Mo sín ìyá náà jẹ. Ó ní, "Nítòsí ló sọ fún yín!" Ohùn márùn-ún ni èdè Thai ní. "Klai" tí ohùn rẹ̀ dúró sí àárín, bíi re nínú dò re mí, ìyẹn ni "ó jìnnà". Èyí tó bẹ̀rẹ̀ lókè tó sì já wálẹ̀ ni "ó wà nítòsí". Òtítọ́ ni ìyá yẹn sọ, etí mi sì gbọ́ ọ ketekete, torí mo sín in jẹ láìṣì. Lẹ́tà lásán ni àbúrò mi tẹ̀ sínú fóònù, bí ìgbà tí èèyàn kọ ọkọ, ọkọ̀ àti ọkọ́ láìfi àmì kankan sí i. Èmi tí mo máa ń bá àwọn ọmọ mi jà lórí àmì ohùn!

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti pa fóònù tì, tí mo ń fi etí rìn. Odidi ọjọ́ kan ni mo fi kọ́ "suay" kí n tó gbójú sọ ọ́ síta. Bí ohùn bá ti ìsàlẹ̀ gòkè, o yin èèyàn pé ó rẹwà. Bó bá dúró sáàárín, orí burúkú lo pè é.

Obìnrin kan ń ta som tam ní ìdojúkọ òtẹ́ẹ̀lì. Ìró odó ló pè mí. Ìbẹ́pẹ tí kò tíì pọ́n ni wọ́n ń rẹ́ wẹ́wẹ́, wọ́n á fi ọmọ odó gún un díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ata, aáyù, ẹ̀pà, ọsàn wẹ́wẹ́ àti omi ẹja oníyọ̀. Ìrẹsì tó ń lẹ̀ mọ́ra ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń bù ú. Ata yẹn ta débi pé àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ sí í wá omi kiri. Mo wá ń gbọ́ bí àwọn oníbàárà ṣe ń pe obìnrin náà: "phi", ìyẹn ẹ̀gbọ́n. Òun náà ń pe àwọn tó kéré sí i ní "nong", àbúrò. Wọn kì í ṣe ẹbí o! Ó fi ìka béèrè ọjọ́ orí mi, mo fi ìka dá a lóhùn. Ọdún méjì ni mo fi jù ú lọ. Lójú ẹsẹ̀ ló pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀ níwájú imú, ó tẹríba fún mi: "Phi!" Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi. Ọdún mélòó ni àbúrò mi ti lò ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ọmọ kékeré ti ń pe orúkọ rẹ̀ mọ́ ọn lórí?

Orí náà, wọn kì í fi í ṣeré. Ẹ má fọwọ́ pa ọmọ ọlọ́mọ lórí níbẹ̀. Ẹsẹ̀ ló rẹlẹ̀ jù lójú wọn, ìdí nìyẹn tí a fi ká ẹsẹ̀ sẹ́yìn nígbà tí a jókòó níwájú ère Búdà aláwọ̀ ewé ní tẹ́ńpìlì Wat Phra Kaew, nínú ọgbà ààfin. Ère náà kò ju nǹkan bí 66 sẹ̀ǹtímítà lọ, síbẹ̀ ọba ló ń pààrọ̀ aṣọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún. (Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹnì kan bá dá yín dúró lẹ́bàá ààfin pé wọn ò ṣílẹ̀kùn lónìí, pé kí ẹ jẹ́ kí òun gbé yín lọ síbòmíràn, ẹ má bá a lọ. Ẹ rìn dé ẹnu ọ̀nà fúnra yín. Kí aṣọ yín sì bo èjìká àti orúnkún.)

Alẹ́ tó kẹ́yìn ni mi ò ní gbàgbé láéláé. Mo bi ọmọbìnrin òtẹ́ẹ̀lì yẹn ìdí tí àwọn fúnra wọn kì í fi í pe ìlú wọn ní Bangkok. Ó ní Krung Thep ni, pé ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ náà lásán nìyẹn. Ọba Rama Kìíní ló gbé olú ìlú láti Thonburi sọdá odò wá síbẹ̀ ní 1782, orúkọ tó gùn gbọọrọ ni wọ́n sì sọ ọ́. Ọmọ náà dìde dúró, ó kà á jáde láìwòwé: ìlú àwọn áńgẹ́lì, ìlú ńlá, ìlú òkúta iyebíye mẹ́sàn-án, ìjókòó ọba, ìlú tí Indra, ọba àwọn òrìṣà, ní kí wọ́n kọ́. Ohùn rẹ̀ ń gòkè, ó ń já wálẹ̀. Mo yíjú sí àbúrò mi, mo ní, "Oríkì nìyí."

Nígbà tó parí, ó ní ó kan ìlú tèmi. Mo tún gèlè mi ṣe, mo bẹ̀rẹ̀: "Ìbàdàn mesì Ọ̀gọ̀, nílé Olúyọ̀lé, ibi olè gbé ń jàre olóhun..." Bí mo ṣe ń kì í lọ, ó ń fi ìka tọ ohùn mi nínú afẹ́fẹ́, sókè, sáàárín, sísàlẹ̀. Nígbà tí mo dákẹ́, ó na ìka mẹ́ta sí mi.

Ó ní, "Phi, mẹ́ta ni tiyín."